Ta Ló Ni Oyún? Ẹ̀tọ́ Ọkùnrin Tí Wọ́n Dárúkọ, Lábẹ́ Òfin Nàìjíríà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòkòó, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, àti ẹ̀yin àbúrò mi ọkùnrin tí wọ́n tìtorí yín gbé ètò yìí kalẹ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àpérò. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni mò ń ṣe, ẹjọ́ ìdílé àti ẹjọ́ ọmọ ni mo sì ń gbà jù. Nígbà tí àwọn alákòóso ní kí n wá ṣàlàyé ohun tí òfin sọ nípa ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ pé òun ló ni oyún, tàbí pé òun ni bàbá ọmọ, nígbà tí kò fẹ́ ìyá ọmọ náà, kíá ni mo gbà. Ọ̀rọ̀ tó ń ba ilé jẹ́ ni, a kì í sì í jókòó sọ ọ́ àfi tó bá ti di ariwo.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò pọ̀. Òfin kò ní kí ọkùnrin gba oyún tí kò dá a lójú. Òfin kan náà kò sì gbà á láyè kó sá fún ọmọ tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tó fún un ni ẹ̀tọ́ láti mọ òótọ́ kí wọ́n tó di ẹrù lé e lórí. Ọ̀nà méjì ni ẹ̀tọ́ yìí sì máa ń gbà bọ́ mọ́ ọkùnrin lọ́wọ́: kó dákẹ́ nígbà tó yẹ kó fèsì, tàbí kó ti ṣe bàbá níwájú ayé kó tó mọ̀ bóyá òun ni bàbá. Nínú ẹjọ́ mẹ́wàá tó ń dé iwájú wa, ọkùnrin tó ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ kó tó rí lọ́yà máa ń pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ nígbà tí ara ṣì tutù.

Lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ oyún kì í bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù. Ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí ọmọbìnrin á kó ara wọn jọ, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, nígbà mìíràn pásítọ̀ tàbí àáfà, wọ́n á mú un lọ sílé àwọn òbí ọmọkùnrin. Wọ́n á ní, "Ẹ bi ọmọ yín léèrè." Ọmọkùnrin tí ojú ń tì, tó sì ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, á dorí kodò. Ìyá rẹ̀ á ti kúnlẹ̀, á máa bẹ̀bẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fi ọmọbìnrin sílẹ̀ níbẹ̀ tòun ti báàgì rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́jú oyún wọn.

Mi ò bá àṣà yìí jà. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin lọ́wọ́ ìyà, nítorí ọkùnrin tó ń sá kò níbi tó máa sá sí nígbà tí àgbà ilé bá jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ìjókòó yẹn lè dà lọ́jọ́ iwájú. Nínú òfin ìbílẹ̀ Yorùbá tí àwọn ilé ẹjọ́ wa tẹ́wọ́ gbà, ọkùnrin tó bá jẹ́wọ́ ọmọ pé tòun ni, ọmọ náà di tirẹ̀, yálà ó fẹ́ ìyá ọmọ tàbí kò fẹ́ ẹ. Ní 1955, nínú ẹjọ́ Alake àti Pratt, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́mílọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà pé àwọn ọmọ tí bàbá wọn ti jẹ́wọ́ wọn ní ẹ̀tọ́ sí ogún rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó bí nínú ìgbéyàwó alárédè. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ nígbà náà fà sẹ́yìn díẹ̀ ní 1960 nínú ẹjọ́ Cole àti Akinyele. Àmọ́ láti ìgbà tí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1979 ti dé, tí ti 1999 sì tún un sọ ní abala 42, kò sí ọmọ Nàìjíríà tí a gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun dù nítorí bí wọ́n ṣe bí i.

Báwo wá ni ọkùnrin ṣe ń jẹ́wọ́ ọmọ? Ẹnu nìkan kọ́, ìwé nìkan sì kọ́. Tó bá lọ síbi ìkómọjáde tó sì fún ọmọ lórúkọ, ó ti jẹ́wọ́. Tó bá san owó ìgbẹ̀bí gẹ́gẹ́ bíi bàbá, tó mú ọmọ lọ han àwọn ẹbí, tó ń san owó ilé ìwé rẹ̀, tó ń jẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní bàbá lágbájá ládùúgbò, gbogbo rẹ̀ ni adájọ́ máa kó jọ, tí á sì béèrè pé, bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ, kí lo ń ṣe gbogbo èyí fún? Nítorí náà, bí iyèméjì bá wà lọ́kàn yín, ọjọ́ tí wọ́n gbé oyún wá sílé ni kí ẹ sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìsí èébú: "Mi ò sá, mi ò sì sẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe àyẹ̀wò tí ọmọ bá dé. Bó bá jẹ́ tèmi, màá ṣe ojúṣe mi." Kí àgbà kan nínú ilé kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ sọ, kó kọ ọjọ́ sí i. Ìwé kékeré yẹn ti gba ọkùnrin sílẹ̀ rí ju ariwo lọ.

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kí àwọn má fún obìnrin náà ní kọ́bọ̀ títí ó fi bímọ ni. Èmi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí owó káàdì ìtọ́jú aláboyún, ẹ jẹ́ kó rí oúnjẹ jẹ. Ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ báńkì, kí lọ́yà tàbí àgbà ilé sì kọ lẹ́tà kan pé ìrànlọ́wọ́ ni, títí tí àyẹ̀wò yóò fi jáde. Ẹni tí a ràn lọ́wọ́ kò pàdánù nǹkan kan, ẹ̀yin náà kò sì pàdánù ẹ̀tọ́ yín. Èyí tí mi ò fẹ́ gbọ́ rárá ni ti oògùn. Ọkùnrin tó bá fún obìnrin ní nǹkan láti fi ba oyún jẹ́ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ta ni bàbá, ó ti bọ́ sínú ẹ̀ṣẹ̀ tí ìwé òfin ọ̀daràn wa ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún.

Bí ilé kò bá yanjú ọ̀rọ̀ náà, àgọ́ ọlọ́pàá ló sábà máa ń kàn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Wọ́n á fi ẹ̀sùn kàn yín pé ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún, ẹ sì sá lọ. Ọlọ́pàá á ní kí ẹ kọ ìwé àdéhùn pé ẹ gbà pé ẹ̀yin lẹ ni oyún, pé ẹ ó máa san iye báyìí lóṣù, tàbí pé ẹ ó gbé ọmọbìnrin náà níyàwó kí oṣù tó parí. Bí ẹ ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní ẹ ó sùn síbẹ̀.

Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ kedere ní abala 32 pé a kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn tìtorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn ọ̀daràn. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ti sọ ohun kan náà ṣáájú. Oyún láàárín àgbà méjì tó jọ gbà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọlọ́pàá kò sì ní agbára láti sọ ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ, adájọ́ ló ni ín. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ti mú yín, abala 35 ìwé òfin ilẹ̀ wa fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí ẹ ó fi rí lọ́yà tàbí ẹni tí ẹ bá fẹ́. Kí wákàtí 24 tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú yín sílẹ̀ fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́. Níbi tí kóòtù bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé yín dé iwájú adájọ́. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò kà. Ẹ má fọwọ́ sí ohun tí ẹ kà tí kò sì jẹ́ òótọ́. Bí ẹ̀rù bá ti mú kí ẹnì kan fọwọ́ sí i, kó tètè sọ fún lọ́yà, nítorí ìwé tí wọ́n fi ipá gbà lọ́wọ́ ènìyàn ṣe é takò ní kóòtù, ṣùgbọ́n ẹni tó dákẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ á ṣòro gbọ́.

Mo ní láti ya nǹkan méjì sọ́tọ̀ níbí. Àkọ́kọ́ ni pé bí ọmọ bá jẹ́ tiyín lóòótọ́, tí ẹ sì pa á tì láìfún un ní ohun tó máa jẹ, ọ̀ràn náà lè di ti ọ̀daràn. Òfin àpapọ̀ tó tako ìwà ipá, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015, sọ ọ́ ní abala 16 pé ìyà rẹ̀ lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 3 tàbí owó ìtanràn ₦500,000, àwọn ìpínlẹ̀ sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tiwọn. Èkejì ló le jù. Bí ọmọbìnrin náà kò bá tíì pé ọdún 18, gbogbo ohun tí mo ń sọ yìí yí padà. Abala 31 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pe ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé ní ìfipábánilòpọ̀, ẹ̀wọ̀n gbére ni ìyà rẹ̀, kò sì sí àwáwí pé ó gbà tàbí pé mo rò pé ó ti dàgbà. Mi ò wá síbí láti kọ́ ẹnikẹ́ni bí yóò ṣe bọ́ nínú ìyẹn. Ọmọ ọdún 15 tó lóyún, ẹni tí wọ́n ṣe níkà ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí kóòtù. Ìwé ìpè lè wá láti kóòtù ìbílẹ̀, irú èyí tó wà ní Mápó ní Ìbàdàn tàbí ní Ìgàndò l'Ékòó, ó sì lè wá láti Kóòtù Ìdílé tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé dá sílẹ̀. Gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà ló ti sọ òfin yìí di tiwọn, Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Kóòtù Ìdílé pín sí ipele méjì, ti májísíréètì àti ti ilé ẹjọ́ gíga. Ohun kan tó dára níbẹ̀ ni pé wọn kì í jẹ́ kí èrò ìta wọlé, òfin sì ka á léèwọ̀ láti tẹ ohun tó máa jẹ́ kí ayé mọ ọmọ tí ẹjọ́ dá lé lórí jáde. Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù pé orúkọ òun á wà nínú ìwé ìròyìn lọ́la, kó béèrè lọ́wọ́ lọ́yà rẹ̀ bóyá ẹjọ́ náà wà níbi tó yẹ kó wà. Ní kóòtù ìbílẹ̀, gbangba ni gbogbo rẹ̀, àwọn oníròyìn sì ń jókòó síbẹ̀ ní tiwọn.

Ẹ má ju ìwé ìpè nù. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé tí àwọn ò bá gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé kóòtù, kò sí ẹjọ́. Kóòtù lè pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà yín, ó sì ti dé ọwọ́ yín nìyẹn. Bí ẹ ò bá yọjú, obìnrin náà nìkan ni adájọ́ máa gbọ́, ohun tó bá sọ ni adájọ́ sì máa fi dájọ́. A lè padà lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n yí i dà, pàápàá tí ìdí tó ṣe gúnmọ́ bá wà tí a sì tètè lọ, ṣùgbọ́n owó ni, àkókò ni, kò sì dájú. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́ lórí ẹjọ́, ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ kó bi wọ́n léèrè. Ní Èkó, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò aráàlú tí wọ́n ń pè ní OPD ń gba ẹjọ́ aláìní lọ́fẹ̀ẹ́, ibi ìlàjà ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì wà fún àwọn tó fẹ́ jókòó sọ ọ́ láìdé iwájú adájọ́.

Nínú kóòtù, ẹni tó bá sọ pé nǹkan rí báyìí ni yóò mú ẹ̀rí wá. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó dárúkọ yín ló ni ẹrù yẹn láti gbé. Kò ní láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ débi tí iyèméjì kankan kò ní kù, bíi ti olè tàbí apànìyàn. Bí ẹ̀rí rẹ̀ bá ti wúwo ju tiyín lọ, ó ti jàre. Nítorí náà ẹni tó kàn ń mi orí pé "kì í ṣe èmi" kò tíì ṣe nǹkan kan. Ìgbà wo lẹ jọ wà pa pọ̀? Ìgbà wo ni ìwé ọsibítù sọ pé oyún bẹ̀rẹ̀? Ṣé ẹ wà nílùú lásìkò yẹn? Lọ́yà yín lẹ́tọ̀ọ́ láti bi obìnrin náà ní gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ̀tọ́ láti béèrè ìbéèrè kò fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti pè é ní aṣẹ́wó níwájú èrò. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gbè yín lọ́dọ̀ adájọ́. Bí ọmọ bá sì wá jẹ́ tiyín, ìyá ọmọ yín lẹ bú yẹn, ọmọ náà á gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Bí obìnrin náà bá jẹ́ ìyàwó ẹlòmíràn nígbà tó bímọ, òfin ti sọ ẹni tí a ó kọ́kọ́ pè ní bàbá. Abala 165 nínú Òfin Ẹ̀rí ní ọmọ tí wọ́n bí nígbà tí ìgbéyàwó tó bófin mu ṣì wà, tàbí kí ọjọ́ 280 tó pé lẹ́yìn tí ìgbéyàwó náà tú ká tí ìyá kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, ọmọ ọkọ yẹn ni a ó kà á sí. Ẹ̀rí tó lágbára lè bi ìyẹn ṣubú, ṣùgbọ́n obìnrin tó bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ kó wá gbé ọmọ fún yín ní láti kọ́kọ́ la ibẹ̀ kọjá. Ẹ bi lọ́yà yín nípa rẹ̀.

Ó wá ku àyẹ̀wò DNA, ìyẹn àyẹ̀wò àbùdá tí ọmọ jogún lára òbí rẹ̀, èyí tí gbogbo yín ń dúró dè. Abala 63 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé fún kóòtù lágbára láti pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ti DNA nínú ẹjọ́ tí wọ́n bá ń jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ bàbá tàbí ìyá. Ẹ kíyè sí i: ẹni tó wà nínú ẹjọ́ ló ní láti tọrọ rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó tí ẹ ò béèrè, adájọ́ lè dájọ́ láìsí i. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ fún kóòtù nìyẹn tí ọkùnrin bá wá bá mi pé iyèméjì ń ṣe òun.

Wọn kò lè fi tipátipá gba ẹ̀jẹ̀ tàbí itọ́ lára yín. Òfin ní ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó mú un. Ṣùgbọ́n bí kóòtù bá ti pàṣẹ tí ẹ sì kọ̀, abala 66 fún adájọ́ láyè láti fi ojú tó yẹ wo kíkọ̀ yẹn, ẹ sì mọ ojú tí yóò fi wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún ìyá: bó bá kọ̀ láti mú ọmọ wá, ìyẹn lè ba ẹjọ́ tirẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá sì rán ẹlòmíràn lọ fi itọ́ sílẹ̀ lórúkọ rẹ̀ ti dá ọ̀ràn, abala 67 ni wọ́n fi ń mú un. Àwọn ọkùnrin ti gbìyànjú rẹ̀ rí pẹ̀lú àbúrò wọn. Ìdí rẹ̀ tí ilé àyẹ̀wò tó mọṣẹ́ fi ń ya fọ́tò yín, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka, tí wọ́n sì ń wo káàdì ìdánimọ̀ nìyẹn.

Àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ kò dun ènìyàn. Òwú ni wọ́n fi ń nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín àti ti ọmọ, kódà ìkókó ọjọ́ kan. Ìdajì ohun tó wà nínú DNA ọmọ ti ara ìyá wá, ìdajì ti ara bàbá. Wọ́n á wo ibi bí ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú DNA. Níbi kọ̀ọ̀kan, èyí tí ìyá kò fún ọmọ gbọ́dọ̀ wà lára ọkùnrin náà. Bí kò bá bá a mu níbi púpọ̀, òun kọ́, kò sí àríyànjiyàn. Ibi kan ṣoṣo tí kò bá mu lè jẹ́ ìyípadà tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, onímọ̀ ló máa ṣàlàyé ìyẹn. Bó bá bá a mu jálẹ̀, wọ́n á ní ó tó ìdá 99.99 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe pé arákùnrin yín náà bá obìnrin yẹn pàdé, ẹ sọ ọ́ fún ilé àyẹ̀wò, ó pọn dandan, nítorí ọmọ ìyá méjì jọra wọn nínú DNA ju àlejò lọ.

Mo rí i pé àwọn kan ń wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bá. Àwọn tó ti gé irun ọmọ ní kọ̀rọ̀, tí wọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì eyín rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò láìjẹ́ kí ìyá mọ̀. Ìwé tí wọ́n fún yín lè tẹ́ ọkàn yín lọ́rùn tàbí kó dà á rú, ṣùgbọ́n kò wúlò níwájú adájọ́. Ta ló rí i pé irun ọmọ yẹn ni? Ta ló mú un, ta ló tọ́jú rẹ̀, ọwọ́ ta ló gbà kọjá? Àyẹ̀wò tí kóòtù máa gbà ni èyí tí a mọ ọwọ́ tó gbé e láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ títí dé ẹ̀rọ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní erékùṣù Èkó ní 2017, wọ́n sì sun ún nínú rògbòdìyàn oṣù kẹwàá ọdún 2020. Àdánù ńlá ló jẹ́ fún àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn ilé àyẹ̀wò aládàáni pọ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí òkè òkun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá èyí tí kóòtù máa gbà ni wọ́n fẹ́ ṣe fún yín.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe é nígbà tí oyún ṣì wà nínú, láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Ó wọ́n, kò sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní tèmi, ẹ ní sùúrù kí ọmọ dé.

Bí èsì bá wá jáde pé ẹ̀yin ni bàbá ńkọ́? Ibí yìí ló dùn mí jù, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin gbà pé ẹjọ́ ti parí, owó nìkan ló kù. Wọ́n á máa sanwó bí ẹni ń san gbèsè, wọn ò ní mọ ojú ọmọ. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá àti ìyá kò bá fẹ́ra, ọwọ́ ìyá ni àṣẹ òbí, ìyẹn ẹ̀tọ́ àti ojúṣe òbí lórí ọmọ, kọ́kọ́ wà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bàbá lè lọ sí kóòtù kó béèrè pé kí wọ́n fún òun ní àṣẹ òbí, òun àti ìyá sì lè jọ ṣe àdéhùn lórí rẹ̀. Ó lè béèrè àkókò láti máa rí ọmọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ilé ìwé tó ń lọ, ìtọ́jú tó ń gbà. Ní àtijọ́, àwọn àgbà ní ọmọ ti ilé bàbá rẹ̀ ni, wọ́n á kàn lọ gbà á wálé. Kóòtù òde òní kò gba ìyẹn. Ire ọmọ ni òfin fi ṣáájú ohun gbogbo. Ọkùnrin tó ń yọjú láìdá ọjọ́ fò, tó mọ orúkọ olùkọ́ ọmọ rẹ̀, ìyẹn ni adájọ́ ń fi ọkàn tán.

Owó ìtọ́jú ọmọ náà ní ìwọ̀n. Abala 14 Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní ọmọ lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ. Àwọn òbí, ìyẹn ni pé ẹni méjèèjì. Bí ẹ bá jẹ́ mẹkáníìkì, wọn ò gbọ́dọ̀ bù ú lé yín bíi ti ọ̀gá báńkì. Ẹ mú ìwé àkáǹtì yín wá, ẹ mú ìwé owó ilé wá, ẹ sọ iye ọmọ tó wà lọ́rùn yín tẹ́lẹ̀. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà, ẹ padà sí kóòtù kí wọ́n tún un ṣe. Ẹ má kàn dáwọ́ owó dúró.

Kò sì sí adájọ́ tó lè fi dandan lé yín láti fẹ́ ìyá ọmọ. Àwọn òbí lè rọ̀ yín, pásítọ̀ lè rọ̀ yín. Ìgbéyàwó alárédè tí wọ́n fi ipá tàbí ẹ̀tàn ṣe, òfin ìgbéyàwó wa ti 1970 kà á sí òfo. Mo ti rí ìgbéyàwó tí wọ́n fi oyún dì, mo sì ti tú u ká ní kóòtù. Ọmọ ló ń jìyà ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ bàbá rere fún ọmọ náà. Bí ìfẹ́ bá wà, ìgbéyàwó á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

Àwọn kan nínú yín ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní òkè òkun, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi jíṣẹ́ fún wọn. Ní Amẹ́ríkà, bí ọmọ bá ti dé ní ọsibítù, wọ́n á gbé ìwé kan wá fún bàbá tí kò fẹ́ ìyá ọmọ, pé kó fọwọ́ sí i pé òun ni bàbá. Ọjọ́ 60 péré ni òfin àpapọ̀ wọn fún un láti yí ọkàn padà. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi tó bá lè fi hàn pé ẹ̀tàn wà níbẹ̀, tàbí ipá, tàbí àṣìṣe ńlá nípa òótọ́ ọ̀rọ̀. Láti 1981 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn ti sọ ọ́, nínú ẹjọ́ Little àti Streater, pé ìjọba kò lè fi àyẹ̀wò du ọkùnrin tí wọ́n dárúkọ nítorí pé kò lówó rẹ̀. Ẹni tó bá ju lẹ́tà wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, gbèsè ọmọ máa gorí ara wọn, òfin wọn ti 1986 kò sì jẹ́ kí adájọ́ padà pa èyí tó ti kọjá rẹ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìbí ọmọ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 2003 ti ní àṣẹ òbí láìlọ sí kóòtù. Bí ọ́fíìsì owó ìtọ́jú ọmọ wọn bá sì ní kó ṣe DNA tó kọ̀, wọ́n lè kà á sí bàbá kí wọ́n sì máa bu owó lé e. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n máa fèsì lẹ́tà.

Kí n tó jókòó, ẹnì kan fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi lórí ìwé láìkọ orúkọ. Ó ní òun sọ ọmọ lórúkọ, òun ti ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún bíi mélòó kan, àwọn ènìyàn wá ń sọ fún òun pé kò jọ òun. Ó ní ṣé òun ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí àyẹ̀wò. Arákùnrin mi, ẹ lè béèrè rẹ̀ ní kóòtù, kò sí ẹni tó máa lé yín padà lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí adájọ́ gbà. Ní 2015, nínú ẹjọ́ Anozia àti Nnani, ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn kọ̀ láti fi dandan lé àgbàlagbà kan láti ṣe DNA nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹni tó jẹ́ bàbá rẹ̀. Ní ti ọmọ kékeré, adájọ́ máa wo gbogbo ọdún tí ọmọ náà ti ń pè yín ní Dádì, bí ẹ ṣe jẹ́wọ́ rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i tí ẹ bá já a sílẹ̀. Ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀, ẹ má sì sọ ọ́ létí ọmọ. Ẹ wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ Àìkú tàbí lọ́jọ́ Ajé, ẹ mú ìwé ìbí ọmọ náà dání, kí a kọ́kọ́ jókòó sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe bí èsì bá jáde pé kì í ṣe tiyín.